Ìwẹ̀ Òwúrọ̀ Kí Mátírọ̀nù Tó Dé

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ ọmọ Sènámì, tí ọmọ náà sì kú kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nígbà náà, mo sì ti fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. N kì í ṣe ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan. Mo sọ èyí ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá àwíjàre fún mi.

Èkìtì ni wọ́n ti bí mi. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí ẹ̀bá omi Àgbádárìgì, ibẹ̀ náà ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ilé ìwòsàn wa kò jìnnà sí Aradágún. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe ohun tí à ń ṣe. Wọ́ọ̀dù àwọn ìyá ọmọ tuntun kọjú sí ọ̀sà, fèrèsé rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń dúpẹ́ fún atẹ́gùn tó ń tibẹ̀ wọlé. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá ń ṣe wínníwínní láti àárọ̀, atẹ́gùn kan náà máa ń gba inú aṣọ dé egungun.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú máa ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó wọlé lọ́wọ́. Mátírọ̀nù wa á wá máa lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ ni, tí kì í jí ohunkóhun, tí kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ọmọ tí kò tíì wẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró bàtà Mátírọ̀nù. Ọmọ tí wọ́n bí kí àkùkọ tó kọ, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní bíi wákàtí kan sẹ́yìn, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti wẹ̀, kí pọ́dà ti wà ní ọrùn wọn, kí wọ́n sì ti wé wọn bí òlèlè. Bí Mátírọ̀nù bá rí ohun funfun bí òrí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọmọ tuntun, á fi ìka kan ṣoṣo tọ́ ọ, á wá bojú wẹ̀yìn.

“Ta ló ṣiṣẹ́ níbí mọ́jú? Àbí ẹ wá sùn ni?”

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwẹ̀ yìí. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má bínú. Mo lè wẹ ọmọ, kí n nù ún, kí n sì wọ̀ ọ́ láṣọ kí ẹni tó ń wò mí tó ráyè fà sẹ́yìn kó jókòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde tipẹ́ ṣì máa ń pè mí lórí fóònù, wọn á ní, “Mà, bí ẹ ṣe kọ́ wa ní ìwẹ̀ yẹn, a kò gbàgbé.” Inú mi a máa dùn nígbà náà.

Sènámì wá láti abúlé kan lẹ́bàá omi, lẹ́yìn Ìkọ́gà. Ọmọ Ògù ni, àwọn tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ apẹja. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọmọ náà dé ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí à ń retí rẹ̀. Ọkùnrin ni, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ké dáadáa. Òjò ń rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà dúró yí tábìlì ká pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, aago mẹ́jọ sì ń bọ̀.

Omi inú kẹ́tù ti wẹ ọmọ méjì ṣáájú. Mo da èyí tó kù sínú báàfù, mo fi omi ẹ̀rọ kún un, mo fi ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà kàn án, mo ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́, mo ń ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é: orí ṣáájú, ọrùn, abíyá, itan. Mo yí i dojú dé ọwọ́ mi, mo fọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní, “Mà, ètè rẹ̀ ń yí padà.”

Mo ní, “Òtútù díẹ̀ ni, yóò móoru nínú aṣọ. Bí mo ṣe di orí rẹ̀ mú ni kí ẹ máa wò.”

Wọ́n sì wo bí mo ṣe di orí rẹ̀ mú. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Nígbà tí Mátírọ̀nù dé, ó ṣí aṣọ ojú ọmọ náà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Èyí mọ́ tónítóní. Tísà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí, mo mọ̀ ọ́n.”

Ọmọ náà kò mu ọmú. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ń kérora wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ológbò kékeré. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, láìsí ìbọ̀wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó tutù bí ìdí ìkòkò omi. A pe dókítà. A fi ọ́síjìn sí i, a fi aṣọ lé aṣọ. Ní aago mẹ́rin ó dákẹ́. Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì pé oṣù ọmọ kò pé.

N kò lè búra pé òtútù nìkan ló pa á. Ẹnikẹ́ni kò yẹ òkú rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ lára ẹsẹ̀ yẹn.

Mo jókòó ti Sènámì. Mo ní, “Ọlọ́run ló fi fúnni, òun náà ló gbà á.” Mo fi orúkọ Ọlọ́run bo ọwọ́ ara mi. Ó wò mí, ó ní, “Àwanú, Mà.” Ní èdè wọn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, àgbàlagbà obìnrin tó ga, tó sì jẹ́ pé òun ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun ní agboolé wọn. Kò sunkún. Ó dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè gbọ́.

“Mo sọ fún ọ. Mo ní má wọ omi lọ kó ẹja mọ́, oyún ti wọ oṣù kẹjọ. O ní apá kò ká iṣẹ́ ilé. Òtútù ọ̀sà ti wọnú oyún. Ìwọ lo pa á.”

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Òtútù ni obìnrin náà ń wí, òtútù sì ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi tó ń tọ́ka sí ló ti wá. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Tóyìn wá bá mi ní yàrá tí mo ń lò. Ọmọ Ṣakí ni, obìnrin tí kì í pariwo, kò sì tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí ìwé ìlànà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lọ́dún tó kọjá? Èyí tó wà lórí ọmọ tuntun?”

“Ìwé wo?”

“Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú, Mà. Mo rí i nínú ìwé tí a fi ń gba lẹ́tà.”

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi. Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti páálí ṣọ́ọ̀kì kan. Oṣù mẹ́jọ ló ti wà níbẹ̀. Ohun tó wí kò gùn: ẹ nu ọmọ gbẹ, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ láìsí aṣọ láàárín wọn, ẹ dé e ní fìlà, ẹ da aṣọ bo àwọn méjèèjì, ẹ má sì wẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ kan tó pé. Ohun funfun tí à ń fi kànìnkànìn bó kúrò, aṣọ ọmọ ni.

Mo ti ka ojú ìwé àkọ́kọ́ nígbà tí ó dé. Mo rántí ohun tí mo sọ lọ́kàn mi: “Àwọn aláwọ̀ funfun tún ti dé.” Mo wá fi í sí dúrọ́ọ̀.

Nǹkan tí Tóyìn ń sọ yìí ni a ń pè ní iṣẹ́ ìtọ́jú tó dúró lórí ẹ̀rí. Orúkọ náà wúwo ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ó ní kí ẹni tó ń tọ́jú ènìyàn máa bi ara rẹ̀ pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe yìí ń ṣe aláìsàn lóore. Kó wo ohun tí àwọn mìíràn ti dán wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó fi wé ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rí tí ó sì ń kọ sílẹ̀, kó sì gbọ́ tẹnu aláìsàn náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dá mi lóhùn pé ìrírí ọdún púpọ̀ ti tó ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀: ọdún púpọ̀ lè jẹ́ àṣìṣe kan ṣoṣo tí a ń tún ṣe ní àràárọ̀.

Mo mú ìwé náà lọ bá Mátírọ̀nù. Ó kà á tán, ó ká gíláàsì ojú rẹ̀.

“Kí ọmọ wà nínú ẹ̀gbin di ọjọ́ kejì? Ní wọ́ọ̀dù tèmi?”

“Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe nìyẹn, Mà.”

“Tísà, láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ̀bí, ọmọ mélòó ni ìwẹ̀ pa lọ́wọ́ mi?”

“A kò tíì kà á rí, Mà.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ó ní kí n máa lọ.

Èmi àti Tóyìn ra ìwé àjákọ kan tó ní èèpo búlúù. Nítorí pé ìwẹ̀ kò tíì dáwọ́ dúró, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹmómítà sí abíyá ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́, a sì tún fi sí i lẹ́yìn ìwẹ̀. Ara ọmọ tuntun kò yẹ kó wà nísàlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì àbọ̀. Kò sí ọmọ kan nínú ìwé yẹn tí ara rẹ̀ kò rọlẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Àwọn tó tóbi máa ń gòkè padà. Àwọn kéékèèké máa ń pẹ́ níbẹ̀. N kò gbádùn kíkọ rẹ̀, nítorí gbogbo ìlà tí mo bá kọ, ọmọ kan ni mo fi sílẹ̀ kí òtútù mú kí n lè rí i kọ. Tóyìn ló sọ ọ́ jáde.

“Mà, a ti rí i. Kí la tún ń dúró dè?”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bẹ Mátírọ̀nù pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ọmọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó fi tẹmómítà sí i, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, “Èyí ti bàjẹ́.”

Tóyìn fún un ní òmíràn. Ó wò ó. “Òun náà ti bàjẹ́. Ọjà wo lẹ ti ń rà wọ́n?”

Mo ní kó lo ẹ̀kẹta, èyí tó wà nínú àpò òun fúnra rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò. Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́ kúrò lábíyá ọmọ náà. Kò tó márùndínlógójì. Mátírọ̀nù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ohun tí ó ti kọ́ gbogbo wa pé a kò gbọdọ̀ ṣe. Ó tú aṣọ ọmọ náà, ó gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, ó fi ìborùn ara rẹ̀ bò wọ́n. Láti ọjọ́ kejì, ẹni tó bá wẹ ọmọ kí ọjọ́ kan tó pé ló ń lọ ṣàlàyé ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Ìjà wá kúrò lọ́dọ̀ Mátírọ̀nù, ó kù sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù: ọmọ tí wọn kò bá fi epo àti kànìnkànìn fọ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òórùn ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tì í tó bá dàgbà. Ìyá àgbà kan láti Ọ́tọ̀ ní, “Nọ́ọ̀sì, bó bá ń rùn, ṣé ìwọ lo máa fẹ́ ẹ?” Wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dúró di ọ̀la péré, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má wẹ ọmọ mọ́.

Ọdún méjì kọjá kí Sènámì tó padà wá. Ó ti lóyún mìíràn. Tóyìn ló kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ní ibi ìtọ́jú aláboyún, ó wá sọ ọ́ fún mi. Láti ìgbà tí ọmọ ti kú, wọn kò jẹ́ kó sún mọ́ etí omi mọ́. Olómi-tútù ni àwọn orogún ìyá ọkọ rẹ̀ ń pè é. Bí ó bá lọ pọn omi ní kànga, wọn á ní kó rọra, kó má fọwọ́ kan korobá ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ̀ sì ti sọ pé bí ọmọ èyí náà bá lọ, kí ó padà sílé bàbá rẹ̀.

Ọdún méjì ni obìnrin yẹn ti ń ru ẹrù mi.

Ó bí ọmọbìnrin ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ. Ọmọ náà kéré bí ti àkọ́kọ́. Èmi ni mo nù ún gbẹ, mo gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, mo dé e ní fìlà, Tóyìn ti gbogbo fèrèsé. Nígbà tó yá ó wá ọmú, ó rí i. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá wa. Ó gbé báàgì kan dání: kànìnkànìn titun, ọṣẹ, igò epo pupa.

“Ẹ gbé e wá kí n wẹ̀ ẹ́.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó di ọ̀la.”

“Ọ̀la kẹ̀? Ẹ̀yin ni ẹ fi òtútù ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lára èyí àkọ́kọ́. Ìwẹ̀ tí ẹ wẹ̀ ẹ́ kò tó. Èmi yóò fi omi gbígbóná fọ èyí dáadáa, kí òtútù ọ̀sà kúrò lára rẹ̀.”

Tóyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin ilé ìwòsàn fún un. Mo mọ̀ pé òfin lè gba ọmọ yẹn sílẹ̀ di ọ̀la. Kò lè gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí Tóyìn dúró ná.

“Màmá, ọmọ àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Kò tíì pé wákàtí kan láyé. Omi náà kò gbóná tó, òjò ń rọ̀, ọmọ sì kéré. Ìwẹ̀ tí mo wẹ̀ ẹ́ ni òtútù gbà wọlé. Sènámì kò ṣe nǹkan kan.”

Ó ní, “Nítorí náà, kì í ṣe omi ọ̀sà.”

“Kì í ṣe omi ọ̀sà, Màmá. Omi inú báàfù ni.”

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn.

“Ọmọ méjì ló kú fún àbúrò ọkọ Sènámì. Èkíní kò lò ju ọjọ́ méjì lọ, èkejì kò rí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìdájí ni mo wẹ àwọn méjèèjì. Mo wẹ̀ wọ́n dáadáa, Tísà.”

“Ẹ kò mọ̀, Màmá.”

“Èmi kò mọ̀.” Ó gbójú sókè. “Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà kò mọ̀?”

Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀, Tóyìn nìkan ló lè já mi nírọ́, kò sì ní ṣe é.

Mo ní, “Ìwé tó sọ ọ́ wà lọ́wọ́ mi, Màmá. Ó ti lo oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ mi kí n tó wẹ ọmọ náà. N kò kà á parí.”

Kò pariwo. Kò ṣépè. Ó yí sí Sènámì, ó sọ gbólóhùn kan fún un ní èdè Ògù. N kò mọ ohun tí ó sọ, n kò sì bi ẹnikẹ́ni títí di òní. Mo rí i pé Sènámì fi apá bo ọmọ tó wà láyà rẹ̀, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú wa. Obìnrin àgbà náà jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, níbi tó ti dúró lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó di kànìnkànìn rẹ̀ padà sínú báàgì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wẹ ọmọ náà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi wò lẹ́ẹ̀mẹta. Kò kí mi kó tó lọ. N kò retí rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn fún mi ní ìwé pé kí n wá sọ ìdí tí mo fi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí aláìsàn. Mátírọ̀nù ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pè wá lẹ́jọ́ ni?” Ṣùgbọ́n òun náà ló bá mi ka èsì tí mo kọ, kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ìgbéga tí mo ń retí kò dé mọ́. Ipò tí mo wà nígbà náà ni mo fi fẹ̀yìn tì.

Láti ìgbà náà títí mo fi kúrò níbẹ̀, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ titun kì í ṣe bí a ṣe ń di orí ọmọ mú. Mo máa ń gbé ìwé ìlànà yẹn jáde, pẹ̀lú eruku ṣọ́ọ̀kì tó ṣì wà létí rẹ̀, màá sọ ìtàn yìí fún wọn láìbo ara mi. Mo sì máa ń wá àwọn mẹ́fà tó dúró yí tábìlì ká lọ́jọ́ náà. Mo ti rí mẹ́rin. Méjì ṣì wà níbì kan tí n kò mọ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń wẹ ọmọ bí mo ṣe kọ́ wọn.

Bí ọ̀kan nínú yín bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo kọ́ yín lọ́jọ́ náà kò dára, ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, iṣẹ́ yòówù tí ẹ ń ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún yín pé ètè ọmọ ń yí padà, ètè ọmọ ni kí ẹ wò. Bí ìwé titun bá sì dé ọwọ́ yín, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó ṣí dúrọ́ọ̀.